Kókó iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́fun nínú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn: ṣé ká máa ṣọ́ ọ ni, ká ṣiṣẹ́ abẹ, àbí ká fi ìtànṣán lù ú?

Ọ̀rọ̀ méjì ló sábà máa ń dá jìnnìjìnnì bo ìdílé nígbà tí èsì àyẹ̀wò bá dé: “kókó” àti “ẹfun”. Dókítà á ní òun rí kókó kan tó jẹ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀, pé ẹfun ti wọ inú rẹ̀. Kó tó parí ọ̀rọ̀, aláìsàn ti ń rò ó pé jẹjẹrẹ ló dé, ará ilé rẹ̀ sì ti ń béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa gé e kúrò. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì láàárín àwọn alárùn ọpọlọ. Ohun tí mo máa ń fẹ́ kí ẹnì kan ti bá wọn sọ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa ni pé ẹfun yẹn kọ́ ló ń pinnu ohun tí ẹ máa ṣe. Ohun mẹ́ta ló ń pinnu rẹ̀: ṣé kókó náà ti ṣẹ̀jẹ̀ rí, ibo ló fìdí sí, àti pé ṣé òun ló ń fa wárápá.

Ibi tí ẹfun ti ń wá kò ṣòro láti yé èèyàn. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn kókó wọ̀nyí, ẹ̀jẹ̀ kì í sáré. Ó máa ń rọra yí ká ni, nígbà míì á dúró pátápátá, á dì, á gbẹ. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì tó sì pẹ́, kálísíọ̀mù á bẹ̀rẹ̀ sí í bà lé e díẹ̀díẹ̀, bí ìpele funfun ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò tí a fi ń se omi lójoojúmọ́. Àmì pípẹ́ ni ẹfun jẹ́, pé nǹkan náà ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Kò sọ pé ó ń dàgbà. Kò sì sọ pé ó ti kú. Mo ti rí àwọn tó fọkàn balẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ torí ẹnì kan sọ fún wọn pé ó ti di òkúta, pé kò lè ṣe nǹkan kan mọ́. Apá kan lè le bí òkúta lóòótọ́ kí apá kejì ṣì máa gba ẹ̀jẹ̀.

Èwo gan-an ni wọ́n rí?

Kí ẹ tó fi ìtọ́jú kan wé òmíràn, ẹ rí i dájú pé ẹ mọ orúkọ ohun tí wọ́n rí. “Kókó ẹlẹ́fun” kì í ṣe orúkọ àrùn. Àpèjúwe ohun tí ojú rí ni, ó sì kó oríṣiríṣi nǹkan pọ̀.

Èyí tí ẹ máa bá pàdé jù ni cavernoma. Ìdì iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké ni, ògiri wọn fẹ́lẹ́, wọ́n sì rọ̀ mọ́ ara wọn bí èso àjàrà láìsí ọpọlọ kankan láàárín wọn. Tí a bá kó 200 èèyàn jọ, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn ní in, ọ̀pọ̀ ni kò sì ní mọ̀ títí ayé wọn. A ń pè é ní kókó torí ìrísí rẹ̀, ṣùgbọ́n àbùkù iṣan ni. Kì í tàn ká ara bíi jẹjẹrẹ, kì í sì í di jẹjẹrẹ.

Ẹfun inú cavernoma ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1948, Wilder Penfield tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Montreal, òun àti Arthur Ward, kọ̀wé nípa kókó kan tí wọ́n pè ní hemangioma calcificans, ìyẹn kókó iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ti di ẹfun tó sì ń fa wárápá. Apá ọpọlọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ni a sábà ń bá irú rẹ̀. Lónìí, ojú cavernoma tó ti gbó ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi ń wò ó. Ìdí tí mo fi mẹ́nu kan án ni pé àwọn èsì àyẹ̀wò kan ṣì ń lo orúkọ àtijọ́ yẹn, ìdílé á sì rò pé àrùn kejì ni wọ́n tún rí.

AVM yàtọ̀ gédégédé, ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ cavernoma. Nínú AVM, iṣan àlọ tó gbé ẹ̀jẹ̀ wá láti inú ọkàn ń tú u sínú iṣan àbọ̀ tààrà, láìsí àwọn iṣan tín-ín-rín tó yẹ kó gba agbára rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ń sáré, ó ń tì. Tí ó bá bẹ́, ó máa ń le ju ti cavernoma lọ, torí ẹ̀jẹ̀ cavernoma kò ní agbára. Òun náà lè ní ẹfun. Ṣùgbọ́n iye ewu tí ẹ bá kà nípa ọ̀kan kò bá èkejì mu rárá. Mo rí ọkùnrin kan tí kò sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì nítorí ohun tó kà nípa AVM, nígbà tó jẹ́ pé cavernoma ni tirẹ̀.

Hemangioblastoma ní tirẹ̀ jẹ́ kókó gidi tó ń dàgbà, ṣùgbọ́n èyí tó rọ̀ jù nínú ìpele àwọn kókó ọpọlọ ni. Ọpọlọ kékeré tó wà nítòsí ìpàkọ́ àti okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ló fẹ́ràn jù. Ó sábà máa ń hàn bí àpò omi tí kókó kékeré kan lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀. Ẹfun ṣọ̀wọ́n nínú rẹ̀. Nínú mẹ́rin tó bá ní in, bí ẹnì kan ni àrùn ìdílé tí wọ́n ń pè ní von Hippel-Lindau wà lára rẹ̀. Bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ fún yín, ẹ béèrè àyẹ̀wò ojú àti kíndìnrín. Àwọn tó ní àrùn ìdílé yìí tún ní oògùn kan, belzutifan, tí àjọ FDA ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2021. Oògùn yìí kò wúlò fún cavernoma.

Meningioma kì í ṣe kókó iṣan ẹ̀jẹ̀, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ máa ń pọ̀ nínú rẹ̀, ẹfun sì máa ń wọ̀ ọ́ dáadáa. Ara awọ tó bo ọpọlọ àti okùn ẹ̀yìn ló ti ń hù, nítorí náà ìta ló ti ń tẹ̀ wọ́n. Ó pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ. Èyí tí ẹfun pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń lọ́ra dàgbà. Láàárín gbogbo àwọn tí mo kà sílẹ̀ níbí, meningioma nìkan ni ẹfun ti ń jẹ́ ìròyìn tó mú ìtura díẹ̀ dání.

Ti ọmọdé tó ní àmì pupa gbàǹgbà lójú látìgbà tí wọ́n ti bí i, tí CT (ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán ya àwòrán inú ara) sì fi ìlà ẹfun méjì-méjì hàn bí ojú irin rélùwéè, ẹ ní kí wọ́n wádìí Sturge-Weber, àrùn àbímọ́ni tó ń kan iṣan ẹ̀jẹ̀ ojú àti ọpọlọ. Ìtọ́jú wárápá ló gba iwájú níbẹ̀.

Ó ku ọ̀kan tí kò jẹ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ rárá, tó sì jẹ́ ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ orúkọ: oligodendroglioma. Kókó tó ń hù láti ara ọpọlọ fúnra rẹ̀ ni, ó ń dàgbà, ó sì lè burú sí i. Ẹfun pọ̀ nínú òun náà. Lórí CT nìkan, ó lè jọ cavernoma. Bí dókítà bá sọ pé òun fẹ́ tún MRI (àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi agbára òòfà yà) ṣe lẹ́yìn oṣù díẹ̀, tàbí kí wọ́n fún yín ní abẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ kí kókó tàn nínú àwòrán, ẹ má rò pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Ó ń rí i dájú pé kì í ṣe èyí ni.

Ẹ̀rọ tó ń wo inú ara: CT tàbí MRI?

CT ló mọ ẹfun jù. Funfun báláú ló máa ń hàn lórí rẹ̀. Ó yára, ó sì dára fún ọjọ́ tí ẹ̀fọ́rí òjijì bá dé tí a fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dà. Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ tuntun náà ń hàn ní funfun. Èèyàn lè rí àmì funfun kan kó má mọ̀ bóyá ẹfun ogún ọdún ni tàbí ẹ̀jẹ̀ àná.

MRI ló ń sọ èwo ni èwo. Cavernoma máa ń hàn lórí rẹ̀ bíi gúgúrú, inú rẹ̀ rí kúlúkúlú, funfun àti eérú, òrùka dúdú kan sì yí i ká. Òrùka dúdú yẹn ni irin tó ṣẹ́ kù láti inú ẹ̀jẹ̀ tó ti jò sẹ́yìn, bí ìpẹtà. Irú àwòrán MRI kan wà tí wọ́n ń pè ní SWI, òmíràn ń jẹ́ GRE. Àwọn méjèèjì ló ń rí cavernoma kéékèèké tí MRI lásán ń gbójú fò. Bí èsì yín kò bá dárúkọ ọ̀kan nínú wọn, ẹ béèrè. Ìbéèrè yẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí ẹni tó ní ẹyọ kan àti ẹni tó ní mẹ́wàá kò ní gba ọ̀nà kan náà.

Àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń fi okùn tín-ín-rín wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń tú oògùn sí i láti ya àwòrán rẹ̀, AVM ló ń fi hàn. Cavernoma kì í hàn lórí rẹ̀ torí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sáré tó. Tí MRI bá ti fi cavernoma hàn kedere, kò sí ìdí láti gba inú ewu àyẹ̀wò yìí.

Bí ara bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni CT ti wúlò jù fún ẹ̀jẹ̀ tuntun, MRI sì dára láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ó máa ń ṣòro láti sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ ló dà lóòótọ́, àti pé “ó ti ṣẹ̀jẹ̀ rí” jẹ́ gbólóhùn tó ń yí gbogbo ìpinnu padà.

Ọ̀nà mẹ́ta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Láti ibí lọ, cavernoma ni mo ń sọ, torí òun ni yíyàn ti ṣòro jù.

| | Ká máa ṣọ́ ọ | Iṣẹ́ abẹ | Ìtànṣán |
|---|---|---|---|
| Ta ló bá mu? | Ẹni tí kókó rẹ̀ kò tíì dà láàmú; ẹni tí tirẹ̀ jinlẹ̀ tó sì ṣẹ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré | Ẹni tí tirẹ̀ ti ṣẹ̀jẹ̀ tàbí tó ń fa wárápá, níbi tí ọwọ́ lè dé | Ẹni tó ní ẹyọ kan tó ti ṣẹ̀jẹ̀, níbi tí abẹ ti léwu jù |
| Kí ló ń ṣe sí kókó? | Kò fọwọ́ kàn án | Ó ń mú un kúrò | Kókó ṣì wà níbẹ̀ |
| Ìgbà wo ni ewu rẹ̀ ń dé? | Díẹ̀díẹ̀, lọ́dọọdún | Lọ́jọ́ abẹ àti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e | Oṣù díẹ̀ sí ọdún díẹ̀ |
| Tó bá jẹ́ ti ìdílé ńkọ́? | Òun ni ìpìlẹ̀ | Èyí tó ń dani láàmú nìkan | Ẹ yẹra fún un |

Ìlà kẹta yẹn ni kí ẹ tún kà. Ewu iṣẹ́ abẹ dà bí owó tí a san lẹ́ẹ̀kan, lójú ẹsẹ̀. Ewu ìdúró dà bí owó ilé tí a ń san lọ́dọọdún: ó kéré lọ́dún kan, àmọ́ ọdún máa ń pọ̀. Nítorí náà, ẹni ọdún 25 àti ẹni ọdún 75 tí kókó wọn rí bákan náà lè yan ohun tó yàtọ̀, kí àwọn méjèèjì sì gba ọ̀nà tó tọ́.

Báwo ni owó ọdọọdún yẹn ṣe tó? Ní 2016, àwọn onímọ̀ kó àkọsílẹ̀ èèyàn 1,620 tó ní cavernoma jọ, wọ́n sì wo iye tó ṣẹ̀jẹ̀ láàárín ọdún 5. Ẹni tí tirẹ̀ kò tíì ṣẹ̀jẹ̀, tí kò sì sí ní ìdí ọpọlọ (ibi tí ọpọlọ ti so mọ́ okùn ọ̀pá ẹ̀yìn), ewu rẹ̀ jẹ́ 3.8 nínú 100. Tó bá wà ní ìdí ọpọlọ tí kò tíì ṣẹ̀jẹ̀, 8 nínú 100. Tó bá ti ṣẹ̀jẹ̀, tàbí tó ti mú apá kan ara rọ, ní ibòmíràn yàtọ̀ sí ìdí ọpọlọ, 18.4. Tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìdí ọpọlọ, 30.8. Láti 3.8 dé 30.8: ẹ wo bí ìyàtọ̀ náà ṣe fẹjú tó. Ọjọ́ orí, bóyá èèyàn jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, àti iye kókó náà kò yí ìṣirò wọn padà, ẹfun kò sì sí nínú ohun tí wọ́n fi ṣe é.

Ohun kan tún wà tí mo rí i pé àwọn dókítà máa ń gbàgbé láti sọ. Ìṣẹ̀jẹ̀ cavernoma máa ń wá ní ìdì. Lẹ́yìn tó bá ṣẹ̀jẹ̀, ewu pé á tún ṣẹ̀jẹ̀ ga ní bí ọdún 2 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà á wálẹ̀ fúnra rẹ̀, yálà a fọwọ́ kàn án tàbí a kò fọwọ́ kàn án.

*Ká máa ṣọ́ ọ.* Àwọn kan ń gbọ́ èyí bíi pé dókítà kọ̀ wọ́n sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ṣèèṣì rí kókó náà nígbà tí wọ́n ń wá nǹkan mìíràn, tí kò sì tíì fa ohunkóhun, àwọn ìlànà tí àwọn onímọ̀ kọ jáde ní 2017 kò gbani níyànjú láti gé e, pàápàá tó bá jinlẹ̀ tàbí tó bá ju ẹyọ kan lọ. Ṣíṣọ́ ní iṣẹ́ tirẹ̀: MRI nígbà tí wọ́n bá sọ tàbí tí ara bá yí padà, oògùn wárápá tí a kò gbọ́dọ̀ fò, àti ìwé kékeré tí ẹ ti ń kọ ọjọ́ àti bí ara ṣe ṣe.

Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ńkọ́? Ẹ̀rù rẹ̀ máa ń ba èèyàn gan-an, àwọn kan sì ti dá oògùn ọkàn wọn dúró nítorí cavernoma láìbéèrè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tó jáde ní 2019 kò rí i pé àwọn tó ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ ju àwọn tí kò lò ó lọ. Kódà tiwọn kéré. Ìyẹn kò sọ ọ́ di oògùn cavernoma. Ó kàn túmọ̀ sí pé tí ọkàn bá nílò rẹ̀, cavernoma nìkan kò tó ìdí láti kọ̀ ọ́. Obìnrin tó fẹ́ lóyún náà lè fọkàn balẹ̀ lọ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀, torí a kò rí ẹ̀rí pé oyún ń mú kó ṣẹ̀jẹ̀ sí i.

*Iṣẹ́ abẹ.* Mo ti dúró lẹ́yìn oníṣẹ́ abẹ nígbà tó ń mú ọ̀kan jáde, mo sì ń wo ó lórí ojú amóhùnmáwòrán. Ọpọlọ tó wà láyìíká rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, bí aṣọ funfun tí irin dógùn-ún lé lórí. Láàárín rẹ̀ ni kókó náà jókòó, ó dúdú bí ẹ̀lú, ó rí kúlúkúlú. Èyí tí kò ní ẹfun, iná kékeré tí wọ́n ń fi pa ẹ̀jẹ̀ máa ń mú kó fún, á kéré, wọ́n á sì fà á jáde lójú ihò tóóró. Tọjọ́ yẹn ní ẹfun. Bí irin ṣe kàn án, ó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Kò fún. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fọ́ ọ, tí wọ́n ń kó o jáde ní ìwọ̀n ìrẹsì. Ibi kan ṣoṣo nìyí tí ẹfun ti wọ inú ọ̀rọ̀ yíyàn, lójú tèmi: kì í sọ bóyá kí ẹ ṣiṣẹ́ abẹ, àmọ́ ó lè mú iṣẹ́ náà le, pàápàá níbi tí àyè kò sí. Ẹ bi oníṣẹ́ abẹ yín bí yóò ṣe ṣe é.

Ẹni tí abẹ ń ṣe lóore jù ni ẹni tí wárápá ń dà láàmú, tó dájú pé kókó yìí ló ń fà á, tí kókó náà sì wà níbi tí ọwọ́ lè dé. Bí 75 nínú 100 irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni wárápá kò tún gbé lẹ́yìn abẹ, èsì sì máa ń dára jù tí wárápá náà kò bá tíì pẹ́ lára. Èyí ló fà á tí mo fi ń sọ fún àwọn ìdílé pé kí wọ́n má fi ọdún mẹ́wàá yí oògùn wárápá káàkiri kí wọ́n tó béèrè nípa abẹ. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: tí oògùn kan bá dá wárápá náà dúró pátápátá tí ara sì gbà á, kò sí ohun tó ń lé yín.

Ẹni tí tirẹ̀ ti ṣẹ̀jẹ̀ níbi tó rọrùn láti dé náà ní ìdí tó dára. Àwọn ìlànà 2017 yẹn fi ewu abẹ níbẹ̀ wé ewu gbígbé pẹ̀lú kókó náà fún nǹkan bí ọdún 2. Tó bá jinlẹ̀, wọ́n fi wé ọdún 5 sí 10. Ní ìdí ọpọlọ, lẹ́yìn ìṣẹ̀jẹ̀ kejì tó dani láàmú ni wọ́n sábà ń dábàá abẹ, torí ibẹ̀ kún fún iṣan tó ń darí ojú, gbígbé nǹkan mì àti mímí. Ọ̀pọ̀ máa ń burú sí i ní ọjọ́ àkọ́kọ́ kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ sípò. Kí ìdílé mọ èyí kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé, kí wọ́n má baà rò pé nǹkan ti bàjẹ́.

Ohun méjì tó yẹ kí ẹ béèrè: ṣé iṣan àbọ̀ ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ó sábà máa ń wà, ọpọlọ tó dára ló ń lò ó, nítorí náà wọn kò gbọ́dọ̀ gé e. Èkejì, ṣé wọ́n máa ṣe MRI lẹ́yìn abẹ? Tí ìyókù bá kù sílẹ̀, ó lè tún ṣẹ̀jẹ̀.

*Ìtànṣán.* Èyí ni ìtànṣán tí wọ́n ń darí láti ọ̀nà púpọ̀ sí ojú kan ṣoṣo. Lars Leksell tó jẹ́ ará Sweden ló dá a sílẹ̀ ní 1951. Ó ń fani mọ́ra torí kò sí abẹ, aláìsàn lè sùn sílé lọ́jọ́ kan náà. Fún AVM, ó lè pa iṣan náà dé láàárín ọdún bíi mélòó kan. Cavernoma kò ní iṣan ńlá tó lè padé bẹ́ẹ̀, kókó náà á sì wà níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é sọ pé ìṣẹ̀jẹ̀ ń dínkù lẹ́yìn ọdún 2. Ẹ rántí ohun tí mo sọ lókè: ó máa ń dínkù fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2. Èwo nínú rẹ̀ ni iṣẹ́ ìtànṣán? Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn wà, èrò tèmi sì ni pé ẹni tí ọwọ́ abẹ lè dé tirẹ̀, tàbí ẹni tí tirẹ̀ kò tíì ṣe é ní nǹkan kan, kò ní ìdí láti gbà á. Ọpọlọ tó yí i ká lè wú lẹ́yìn oṣù díẹ̀, èyí sì lè fa àìlera tuntun.

Fún ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ ti ìdílé, rárá ni. Ìtànṣán fúnra rẹ̀ lè mú kí cavernoma tuntun hù.

Oògùn ńkọ́? Wọ́n ti ń dán propranolol wò, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ọjọ́ ti pẹ́ lórí rẹ̀. Kò tíì sí ẹ̀rí tó tó láti máa fún gbogbo èèyàn. Àwọn onímọ̀ ní Britain àti Ireland náà ti gbìyànjú láti fi ìbò pín àwọn aláìsàn sí ìtọ́jú àti ìṣọ́, èèyàn 72 ló sì wọ inú rẹ̀. Àbájáde tó jáde ní 2024 fi hàn pé irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n iye wọn kéré jù láti dá ẹjọ́. Dókítà tó bá sọ fún yín pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, ẹ wá èrò dókítà kejì.

Tó bá jẹ́ ti ìdílé

Nínú èèyàn 5 tó ní cavernoma, bí ẹnì kan ni tirẹ̀ jẹ́ àjogúnbá. Jíìnì mẹ́ta ni a mọ̀: KRIT1, CCM2 àti PDCD10. Òbí tó ní in lè fún ọmọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìlàjì àǹfààní, bíi ká ju owó ẹyọ sókè. Àmì tó ń tọ́ka sí i ni kí kókó ju ẹyọ kan lọ, tàbí kí wárápá àti ìṣẹ̀jẹ̀ ọpọlọ ti wà nínú ẹbí. Níbí, ẹnikẹ́ni kò lè gé gbogbo rẹ̀. Èyí tó bá ń dani láàmú nìkan ni wọ́n á kojú.

Tó bá wà nínú okùn ọ̀pá ẹ̀yìn

Bí 5 nínú 100 cavernoma ni ti inú okùn ẹ̀yìn, ó sì yẹ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá dúró. Okùn náà kò ju ìka ọwọ́ kékeré lọ ní fífẹ̀, gbogbo ìròyìn láàárín ọpọlọ àti ẹsẹ̀ ló sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ̀jẹ̀ tí ọpọlọ ì bá gbà mọ́ra láìsí ariwo, níbẹ̀ ó lè mú ẹsẹ̀ rọ.

Ọ̀nà méjì ló máa ń gbà fara hàn. Ọ̀kan ń yọ́ wá: ẹsẹ̀ á máa kú, ọwọ́ á máa ta, ẹ̀yìn á máa dùn, èèyàn á máa ta gìẹ̀gìẹ̀ tó bá ń rìn, yóò dára díẹ̀, yóò tún burú. Èkejì a dé lójijì. Àwọn tó ń yọ́ yìí ni wọ́n máa ń fi ọdún púpọ̀ tọ́jú bí àìsàn ẹ̀yìn lásán, torí àwòrán tí wọ́n ń yà jẹ́ ti eegun, kò sì dé inú okùn.

Ìfiwéra níbí rọrùn ju ti ọpọlọ lọ ní apá kan: ìtànṣán kò sí lórí tábìlì ní tòótọ́. Abẹ tàbí ìṣọ́ ni. Ẹni tí kò ní àmì kankan, ìṣọ́. Ẹni tí àmì rẹ̀ ń pọ̀ sí i, tí MRI sì fi hàn pé kókó náà ti yọrí sí ojú okùn láti ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́, abẹ ṣe é, ó sì dára kó má pẹ́, torí ohun tó bá ti kú nínú okùn kì í sábà padà wá. Ẹni tí tirẹ̀ wà ní àárín gbùngbùn tàbí níwájú okùn, oníṣẹ́ abẹ ní láti la okùn tó dára kọjá kó tó dé e. Ẹfun tó le sì tún ń sọ ìyẹn di iṣẹ́ àṣelàágùn. Ẹ béèrè iye irú rẹ̀ tó ti ṣe. Ẹ béèrè bóyá wọ́n máa so ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ iṣan tó ń gbé ìròyìn ọpọlọ (kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀) mọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ní gbogbo àkókò iṣẹ́ náà.

Ti meningioma ọ̀pá ẹ̀yìn yàtọ̀ pátápátá. Ìta okùn ló wà, ó ń tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n bá sì mú un kúrò, ọ̀pọ̀ ló máa ń tún rìn dáadáa. Èyí jẹ́ ìdí mìíràn tí orúkọ fi ṣáájú ìtọ́jú.

Ẹ gba ẹ̀dà àwòrán MRI yín sọ́wọ́, àwòrán náà gan-an, kì í ṣe ìwé èsì nìkan. Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n yà á sí i. Tí ẹsẹ̀ bá rọ lójijì, tí ìtọ̀ kò bá jáde, tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun kan ní méjì, tí ẹ̀fọ́rí kan bá dé tí ẹ kò ní irú rẹ̀ rí, tàbí tí wárápá bá gbé tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, ẹ máa lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú àwòrán yẹn dání. Dókítà tó bá gbà yín lóru ọjọ́ náà kò mọ̀ yín rí. Àwòrán àtijọ́ yẹn ni yóò gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, tí yóò fi mọ̀ bóyá àmì funfun tó ń wò jẹ́ ẹfun tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́ tàbí ẹ̀jẹ̀ òru òní.